Ewì Àsìkò Ìwẹ̀

Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni mo bá ara mi dá. Ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá fọ aṣọ tán, tí mo sì sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, n óò jókòó sí ìdí fèrèsé yàrá wa, n óò ṣí ìwé mi, n óò kọ ewì. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kò burú. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi méjèèjì pé ní wákàtí yẹn kí wọ́n kà mí sí ẹni tó lọ sọ́jà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo jókòó, mo kọ ìlà kan, mo gbé orí lé apá, ó di oorun. Nígbà tí mo jí, ọjọ́ ti rọ̀, tàdáwà báírò sì ti ta sí mi lápá aṣọ. Sátidé kejì, bákan náà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, n kò tilẹ̀ ṣí ìwé mọ́. Mo kàn lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ọrùn má baà tún máa ro mí.

Bí ayé mi ṣe rí nìyẹn nígbà tí à ń gbé ní Igando, nígbà ìjọba àwọn ṣọ́jà. Yàrá méjì la háyà nínú ilé kan ní àdúgbò tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí títì rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike lápá Ikeja. Ṣífìtì ló ń ṣe, nítorí náà bí èmi bá ń jáde, òun lè máa wọlé, a ó kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó pàdé lójú títì. Èmi jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ikotun. Èmi ni mo máa ń gba orúkọ àwọn aláìsàn bí wọ́n bá ṣe ń dé, n óò wá káàdì wọn nínú àpótí gígùn tó wà lẹ́yìn mi, n óò fi í ránṣẹ́ sí dókítà. Bí wọ́n bá ti rí dókítà tán, káàdì náà á padà sọ́dọ̀ mi, n óò dá a padà sí àyè rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, kí ló ń ṣe yín. Bí mo bá délé, mo máa ń fẹ́ bi àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ orí wọn kí n tó fún wọn lóúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ewì kò fi mí sílẹ̀. Láti ilé ìwé ló ti mú mi. Èmi ni wọ́n máa ń mú síwájú kí n ké e fún àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí ọdún, mo sì rò nígbà náà pé bí n óò ṣe máa ṣe láyé mi nìyẹn. Rédíò kékeré kan wà nílé wa tó ń lo bátìrì. Láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, akéwì kan máa ń ké ewì lórí rẹ̀ bí ìròyìn bá ti parí. Ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́, torí àsìkò yẹn gan-an ni mo ń wọ bàtà. Ìdajì tó kù, èmi fúnra mi ni mo máa ń fi kún un bí mo bá ń rìn lọ síbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà mìíràn ìdajì tèmi máa ń dùn mọ́ mi ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Ikotun, ìdààmú ọ̀nà á ti lé e jáde lórí mi, kò ní sí ohun tí mo rántí mọ́ àfi ohùn rẹ̀.

Ìgbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ Sátidé kò ní í bọ́ sí i, mo dọ́gbọ́n mìíràn. Bí a bá ṣi nǹkan kọ sórí káàdì níbi iṣẹ́, a máa ń kó o sínú páálí kan lábẹ́ tábìlì mi. Ẹ̀yìn àwọn káàdì wọ̀nyí funfun, wọ́n sì le dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì sí ẹ̀yìn wọn. Bí aláìsàn kan bá lọ tí èkejì kò tíì dé iwájú mi, mo ti kọ ìlà kan. Títí di ìrọ̀lẹ́, mo lè ní ìlà mẹ́jọ. N óò ki káàdì náà bọ báàgì mi, n óò mú un lọ sílé. Inú mi dùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ó rẹ̀ mí bí ó ṣe máa ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ń rí nǹkan mú délé yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ wíwú.

Lọ́jọ́ kan, mo mú káàdì kan lórí tábìlì mi tí wọ́n fa igi lé orúkọ tó wà lórí rẹ̀, tí wọ́n tún orúkọ mìíràn kọ sókè. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mo kọ ewì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ewì nípa àwọn tó ń jókòó dúró de káàdì wọn. Mo mú un relé.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbàlagbà kan dé láti Egbeda, wọ́n wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wá káàdì wọn, n kò rí i. Dókítà ní òun kò lè fún wọn lóògùn láìrí ohun tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, bàbá fúnra wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún wa. A ń wá káàdì yín."

Wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Mi ò kúkú ní ibi tí mò ń lọ."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n gbé fìlà wọn lé orúnkún. Mo tú àpótí yẹn láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí oòrùn ti kàn tàrí, mo gbé ojú sókè, mo rí i pé bàbá ti fi ara ti ògiri, ètè wọn ti gbẹ, wọ́n ń mí gúlegúle. Ibẹ̀ ni mo ti rántí káàdì tí wọ́n fa igi lé lórí: orúkọ bàbá ni wọ́n tún kọ sókè rẹ̀. N kò dúró gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Igando, mo mú káàdì náà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo sáré padà. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti tẹ́ bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru kọjá ibi tó yẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó lè dìde. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n dúró níwájú tábìlì mi.

"Ọmọ mi, o ti wá rí i?"

"Mo ti rí i, sà. Ẹ má bínú."

"O ṣeun," ni wọ́n sọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! N kò lè wo ojú wọn.

Ọ̀gá wa, obìnrin àgbà kan tí kì í pariwo, pè mí sínú ọ́fíìsì wọn. Káàdì náà wà níwájú wọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún un kà.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Ó dáa gan-an." Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yìn àìsàn ẹni ẹlẹ́ni ló yẹ kó wà?"

"Rárá, mà."

Wọn kò fún mi níwèé ìbáwí. Wọ́n kàn mú báírò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ewì náà rẹ́ lójú mi, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, wọn kò kánjú. Mo dúró títí wọ́n fi pa á tán. Nígbà tí mo délé, mo kó gbogbo ìwé mi sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó ráyè ni ewì wà fún, kí n jẹ́ kí n gbọ́ ti iṣẹ́ mi.

Kò pé oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n gbé ìyá ọkọ mi dé láti ìlú wọn.

Èmi àti Màmá kò jà rí, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ràn ara wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, èmi ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà. Ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó wà láàárín wa ni pé nígbà kan tí wọ́n wá kí wa, lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n bá mi nídìí ìwé, iná sitóòfù ti kú, ẹ̀wà kò tíì jinná. Wọ́n sọ fún ọkọ mi, etí mi báyìí ló ṣe, pé akọ̀wé ló fẹ́, kì í ṣe ìyàwó. Mo lọ tún iná sitóòfù dá. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

Nísinsìnyí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ, gbogbo rẹ̀, àfi gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ó ti tó." Bí o bá ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," wọ́n á ní, "Ó ti tó." Bí o bá bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n, "Ó ti tó." Bí o bá gbé oúnjẹ wá, kí wọ́n tó tọ́ ọ wò rárá, "Ó ti tó." Ojú wọn máa ń pọ́n bí wọ́n bá ń sọ ọ́, torí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nìyẹn.

Àwọn obìnrin ìjọ wọn tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn wa máa ń gbà á láàárín ara wọn láti wá bá wọn jókòó lọ́sàn-án. Ọlọ́run ló fi wọ́n ta mí lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n àárọ̀ jẹ́ tèmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà lẹ́nu kànga. N óò fa omi, n óò gbé e kaná, n óò jí àwọn ọmọ, n óò po ẹ̀kọ, n óò gbé Màmá dìde, n óò fà wọ́n dé balùwẹ̀, n óò wẹ̀ wọ́n, n óò fi òrí pa wọ́n lára, n óò wọṣọ fún wọn, n óò fún wọn lóúnjẹ, n óò sì wá kó ara mi jọ lọ sí Ikotun. Màmá wúwo. Ẹ̀yìn mi kò nà tán mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan, iyọ̀ ni mo bù sínú ẹ̀kọ àwọn ọmọ dípò ṣúgà. Wọ́n mu ún, wọ́n kàn ń wo ara wọn. Nígbà tí mo tọ́ èyí tó ṣẹ́kù wò, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Sátidé kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kẹrosíìnì wọ́n ní gbogbo àdúgbò lọ́sẹ̀ yẹn, omi ìwẹ̀ kò lọ́wọ́ọ́wọ́ rárá. Mo gbé Màmá jókòó sórí àga onígi tí ọkọ mi ti dá ihò sí ìdí rẹ̀ fún wọn. Mo ń bu omi náà díẹ̀díẹ̀ kó má baà já wọn láyà. Ó ti rẹ̀ mí dé ibi tí ènìyàn ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò mọ̀gbà tí ọ̀rọ̀ náà di ohùn lẹ́nu mi:

"Omi rèé, omi kànga Igando,
Omi tí mo fà títí ọwọ́ mi fi bó,
Ó tutù lóòótọ́, ẹ má bínú sí i,
Iná ló kọ̀ tí kò gbà á lálejò."

Mo da omi sí wọn léjìká. Ohùn kan sì dáhùn, ohùn tó ha díẹ̀, tó gùn, tó ń yí bí ẹni ń rọ nǹkan sínú ìgò:

"Omi ìkẹyìn tí mo pọn fún ìyá mi rèé o,
Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
Ìyá mi, rọra máa bù ú mu,
Kó má gbẹ kí n tó délé ọkọ."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo ẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan ló wọlé. Kò sí ẹnìkan. Ojú Màmá là sílẹ̀ gbalagbala, ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

"Màmá! Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀?"

Wọ́n ya ẹnu, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀. "Ó ti tó," ni wọ́n rí sọ. Omijé bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, mo sọ fún un pé Màmá sun rárà ìyàwó, ẹkún tí ìyàwó máa ń sun bó bá ń lọ ilé ọkọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ ẹyọ kan, ó dì í mú lọ́wọ́.

"Rárà ìyàwó kẹ̀? Màmá tèmi? Orin ìjọ nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn láti kékeré mi jàre. Ó ti rẹ̀ ọ́, lọ sùn."

Obìnrin àgbà kan láti inú ìjọ wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlú kan náà lòun àti Màmá ti wá. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìwọ ò lè mọ̀. Kí wọ́n tó bí ọ ni. Nígbà tí ìyá rẹ wà lọ́mọge, kò sí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ nílùú wa tí kò kọ́kọ́ wá kọ́ rárà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ọjọ́ tó wọ aṣọ funfun ló ní òun ti fi ohun ayé sílẹ̀, kò sì sun rárà mọ́ títí di òní."

Ọkọ mi jókòó. Bàtà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, n kò wẹ Màmá láìké ewì mọ́. Kò gba àsìkò kankan kún àsìkò. Ogún ìṣẹ́jú tí mo ti ń fi wẹ̀ wọ́n náà ni. N óò bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn ìlà méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, nípa ohunkóhun tó bá wà níwájú mi: ọṣẹ, kànìnkànìn, òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ẹsẹ̀ mi. Wọ́n á wá fa ohùn tiwọn. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni wọ́n máa ń dáhùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí èmi nìkan ń sọ tèmi títí omi fi tán. Ọ̀rọ̀ inú rárà ìgbà ọmọge wọn ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, torí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń rí èyí tó bá ohun tí mo sọ mu.

Àárọ̀ kan wà tí inú ń bí mi. N kò sùn dáadáa, ọmọ mi kékeré ní ibà, mo sì mọ̀ pé n óò pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mo kàn sọ ọ́ jáde bí mo ṣe ń fọ ẹ̀yìn wọn:

"Ẹ ní akọ̀wé ni mí, n kì í ṣe ìyàwó,
Ẹ ní ọmọ yín ṣi ìyàwó mú lọ́jà ọmọge.
Ọwọ́ akọ̀wé ló wà lẹ́yìn yín yìí,
Ọwọ́ akọ̀wé ló ń bọ́ aṣọ yín."

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Màmá kò mira. Omi ń kán lórí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ohùn wọn, ó rẹlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ:

"Ìyáálé tí mo bá nílé, má fojú burúkú wò mí,
Àlejò ni mí, n kò mọ ibi tí ìkòkò ń gbé,
Bí mo bá ṣìṣe, fà mí létí,
Má lé mi padà sójú ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó tuntun máa ń sọ fún ìyáálé nìyẹn. Wọ́n wá ń sọ ọ́ fún mi nínú balùwẹ̀ mi, àwọn tó bí ọkọ mi. Mo fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ nu ojú mi, ọṣẹ náà ta mí lójú. Mo wẹ̀ wọ́n tán. Nígbà tí mo ń fi òrí pa wọ́n lápá, wọ́n fi ọwọ́ òsì tó kù fún wọn di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì dì í mú títí mo fi sọ pé, "Màmá, bọ́ọ̀sì máa fi mí sílẹ̀ o."

Mo ra ìwé ọmọléèwé kan, mo fi há òkè fèrèsé ilé ìdáná. Bí mo bá gbé Màmá sórí bẹ́ẹ̀dì tán, kí n tó wọṣọ, n óò kọ ohun tí a sọ, tèmi àti tiwọn. Ọwọ́ mi á ṣì tutù. Ojú ìwé náà wú, àwọn lẹ́tà kan ṣàn. N kò bìkítà. N kò tún fi ẹ̀yìn káàdì ẹnikẹ́ni ṣe é mọ́.

Ọkọ mi ni kò rọrùn fún. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó ti tó."

Á tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á tún sọ ọ́, wọ́n á yí ojú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní ilé ìdáná, epo ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí wọ́n bí."

"Kì í ṣe pé wọ́n yàn mí. Rárà yẹn ló kù lẹ́nu wọn. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ lásán, wọn kò rí ọ̀nà dáhùn."

"Èmi ò mọ ewì ké. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, bí wọ́n bá ti pè mí síwájú, mo máa ń gbàgbé."

"Mo mọ̀."

Ó dúró síbẹ̀. "Kọ́ mi ní ẹyọ kan."

Mo kọ́ ọ ní ìlà kan nídìí sitóòfù. Ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè bí ọmọ tó fẹ́ lọ jẹ́ iṣẹ́ tí kò sì fẹ́ gbàgbé. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ wàràwàrà, gbọnrangandan, bí ẹni ń ka orúkọ níbi iṣẹ́:

"Ìyá mi, ṣíjú wò mí, èmi lọmọ tí o pọ̀n."

Màmá yí ojú kúrò lára ògiri. Wọ́n wò ó pẹ́. Ètè wọn ń mì.

"Fà á," ni wọ́n sọ.

Ọkọ mi wò mí. Kì í ṣe rárà nìyẹn, ọ̀rọ̀ gidi ni.

"Kí ni kí n fà, Màmá?"

"Ohùn." Iṣan ọrùn wọn le. "Fà á."

Ó tún un sọ. Ó gbìyànjú láti fà á, ohùn rẹ̀ já sí méjì láàárín. Wọ́n mi orí, inú wọn kò dùn sí i. Wọ́n fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì pé kó tún un ṣe. Ìgbà mélòó ló tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà? N kò kà á. Mo kàn mọ̀ pé ọbẹ̀ mi jóná nídìí, tí n kò sì lọ wò ó. Nígbà tó yá, wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi hàn án bó ṣe yẹ kó lọ, ọkùnrin yẹn sì gbé orí lé ẹsẹ̀ wọn tí kò gbọ́ nǹkan mọ́, ó sunkún bí ọmọdé.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni Màmá lò lọ́dọ̀ wa. N kò fẹ́ parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ewì sọ ọ́ di ohun tó dùn. Ó rẹ̀ mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo dúró lẹ́nu kànga tí mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣe é tán, kí n sì tó gbé korobá wọlé, ojú á ti tì mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo gbé omi kaná, ó gbóná dáadáa, mo lọ jí wọn, wọn kò jí. Ọwọ́ wọn ti tutù. Ọkọ mi sáré lọ pe àwọn ará ìjọ wọn. Kí wọ́n tó dé, mo gbé omi náà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wẹ Màmá. Mo wá ìlà kan tí n óò sọ. N kò rí i. Mo wẹ̀ wọ́n láìsọ̀rọ̀, mo fi òrí pa wọ́n, mo wọ aṣọ funfun wọn fún wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ yẹn padà sí ọwọ́ mi. Mo tilẹ̀ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé nísinsìnyí n óò jókòó, n óò kọ ewì bó ṣe yẹ kí akéwì kọ ọ́. N kò kọ nǹkan kan. Oorun ni mo fi gbogbo rẹ̀ sùn. Oṣù mẹ́rin, márùn-ún, mò ń sùn ṣá. Bí ọkọ mi bá bèèrè pé ìwé orí fèrèsé ńkọ́, n óò ní ó wà níbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló jí mi, láìmọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mò ń di irun rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwé ọ̀la. Irun rẹ̀ pọ̀, ó le, ìka mi ti ń ro mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú irun kẹta ni nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé:

"Ọ̀nà mẹ́ta ni mo là lórí ọmọ mi,
Ọ̀kan lọ sílé ìwé, ọ̀kan lọ sódò,
Ẹ̀kẹta kò tíì sọ fún mi ibi tó ń lọ."

Ọmọ náà fa orí rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Màmi, kí ló dé tí ẹ ń fà á jù báyìí? Ó ń dùn mí o."

"Má bínú. Jókòó dáadáa."

Ó jókòó. Mo mú ìyarun, mo ń la ẹ̀kẹrin.

"Odò wo ló lọ?" ló bèèrè.

Mo ní n kò tíì mọ̀, kí ó gbé orí sílẹ̀, a ó jọ wá a.